Ẹmu Àárọ̀, Ẹmu Ọ̀sán, Ẹmu Alẹ́

Ẹni tí kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn rí, òun ní í máa sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Èmi tí wọ́n bí ní Odògbolú, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, tí òórùn ẹmu sì ti ń ta sí mi nímú láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò lẹ́yìnkùlé bàbá mi àgbà, mo rò pé mo mọ ẹmu tinú-tòde, àfi ìgbà tí mo ka ìwé kan nípa bí àwọn ará Ítálì ti ń tọ́ ọtí funfun wọn wò láti abúlé dé abúlé, tí mo wá rí i pé ẹnu lásán ni mo fi ń mu ẹmu láti ọjọ́ yìí, n kò tíì fi ọkàn mu ún rí.

Agbègbè 20 ni Ítálì ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ọtí láti ara èso àjàrà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó funfun, wọn a fún omi rẹ̀ jáde, wọn a sì tètè ya èèpo rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó má baà pa omi náà láró. Ní Veneto, lórí àwọn òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ́ jáde láyé àtijọ́, Soave ni wọ́n ń ṣe; ní Marche, tí ó kọjú sí òkun Adriatic, Verdicchio ni; àwọn ará Frascati ń ṣe tiwọn ní ìtòsí Róòmù; àwọn ará Campania, tí òkè oníná Vesuvius dúró tì bí ẹ̀ṣọ́, ń fi Fiano àti Greco yangàn. Vernaccia ti ìlú San Gimignano ni ọtí àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn fi òfin dáàbò bo orúkọ rẹ̀, ní 1966, débi pé ẹni tí kò bá gbin àjàrà rẹ̀ sí ilẹ̀ ìlú náà kò gbọdọ̀ kọ orúkọ yẹn sí ara ìgò tirẹ̀. Bákan náà ni ti oúnjẹ: ọ̀pọ̀ abúlé ní ọjọ́ kan lọ́dún tí wọ́n fi ń bọlá fún ohun jíjẹ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní sagra. Ní Camogli, létí òkun, láti 1952, ẹja ni wọ́n máa ń dín fún tẹrú-tọmọ nínú oṣù Karùn-ún, nínú agbada kan tí ènìyàn púpọ̀ lè dúró yíká. Agbada ìdínàkàrà ni mo ń wí o, kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sí òde.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ọtí wọn gan-an ni ó wù mí. Ìgò Soave kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rà bọ̀ láti Èkó kan mí lẹ́nu bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a gbàgbé láti fi ṣúgà sí, ó sì gbà mí tó ahá méjì kí n tó mọ̀ pé ó dára. Ohun tí ó wù mí ni pé wọ́n mọ ibi tí ohun tí wọ́n ń mu ti wá, wọn a sì béèrè. Àwa náà kò ṣàìmọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lọ sí ọjà èyíkéyìí ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kí o ní gaàrí ni o fẹ́ rà, ẹni tí ń tà á yóò bi ọ́ bóyá ti Ìjẹ̀bú ni, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé gaàrí Ìjẹ̀bú kúná, ó gbẹ, ó sì kan, torí pé a jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó yan án. Gaàrí ti ní orúkọ àti ìlú. Ẹmu ni ó ṣì ń rìn káàkiri bí ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igi kan ni ó ń fún wa ní ẹmu. Ọ̀pẹ ni èkíní, igi tí kò sí ohun tí a kì í fi ara rẹ̀ ṣe: màrìwò rẹ̀ fún òrìṣà, ẹyìn rẹ̀ fún epo, èkùrọ́ rẹ̀ fún àdín, ọwọ̀ rẹ̀ fún ilẹ̀ gbígbá, ìhá rẹ̀ fún iná dídá, tí ó sì tún fi ẹmu ṣe ènì. Èkejì ni igi ògùrọ̀, tí ó fẹ́ràn àbàtà ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, tí a ń rí ìko lára rẹ̀, tí ó sì pọ̀ yanturu ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dé etí ọ̀sà. Adẹ́mu lè dá ẹmu lára ọ̀pẹ lónìí, kí ó jẹ́ kí ó sinmi, kí ó sì tún padà sí i ní ọdún mìíràn. Ti ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yìí ń tanná láyé rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń múra àtitanná náà ni omi dídùn kún ọkàn rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni adẹ́mu ń gùn ún lọ láti fi ọ̀bẹ ṣí orí rẹ̀. Bí omi náà bá ti kán tán, igi ti kú nìyẹn. Ogún igi kan ni ó ń bẹ nínú ahá ẹni tí ń mu ògùrọ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹni tí ń mu ún ronú kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo tẹ̀lé bàbá adẹ́mu kan lọ sí àbàtà tí ó wà nísàlẹ̀ ìlú. Igbà tí ó fi ń gun ọ̀pẹ wà léjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ògùrọ̀, àkàbà ọparun ni ó ti dè mọ́ ọn lára. Mo súnmọ́ ìdí igi láti wo bí ó ti ń ṣe é.

“Ọmọ mi, kúrò lábẹ́ ibẹ̀,” ni ó wí láti òkè. “Oyin inú agbè kì í béèrè pé ọmọ ta ni ọ́.”

Lóòótọ́, nígbà tí ó sọ agbè náà kalẹ̀, oyin bíi mẹ́wàá àti eèrà tí kò lóǹkà ni wọ́n ti mu àmupara, tí wọ́n sì léfòó sókè. Bàbá fi asẹ́ sẹ́ ẹ sínú ahá fún mi. Ó funfun, àmọ́ kò dì bíi wàrà. Ìfófòó rẹ̀ ń bẹ́ wẹ́wẹ́ létí ahá, ó sì ń dún bí òjò wínníwínní lórí ewé gbígbẹ. Mo mu ún. Ó dùn bí omi àgbọn tí a la oyin sí, ó sì ta mí díẹ̀ ní orí ahọ́n, lọ́wọ́ ìparí.

Mo ní, “Bàbá, ẹmu yìí dùn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn kò tíì di ẹmu. Omi igi ni. Padà wá bí oòrùn bá kan àtàrí.”

Òótọ́ ni bàbá wí, àwọn onímọ̀ sì ti wádìí rẹ̀. Omi tí ń kán láti ọkàn igi kò ní ọtí kankan nínú. Ṣúgà ni ó wà níbẹ̀, tí ó lè tó ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà ni ó ń sọ ọ́ di ọtí. Ìwúkàrà yìí wà lára agbè, ó wà lára ọ̀bẹ, ó wà lẹ́sẹ̀ àwọn oyin ọ̀mùtí wọ̀nyẹn. Bí ó bá ti kan omi náà, ṣúgà ni yóò máa jẹ, ọtí àti afẹ́fẹ́ ni yóò sì máa tú jáde, afẹ́fẹ́ yìí ni ó sì ń mú ẹmu hó tí ó fi lè ti ìdérí agbè fò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọtí inú ẹmu lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àjàrà funfun Ítálì sábà máa ń wà láàrin 11 sí 13. Saccharomyces ni orúkọ ìwúkàrà tí ó ń ṣe iṣẹ́ nínú ẹmu, òun kan náà ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ nínú àjàrà; abájọ tí àwọn aṣebúrẹ́dì fi máa ń fi ẹmu po ìyẹ̀fun ní ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà láyé àtijọ́, kí búrẹ́dì lè wú. Lẹ́yìn ìwúkàrà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ń dé, tí wọn yóò fi ọjọ́ díẹ̀ sọ ọtí di kíkan pátápátá. Oṣù tàbí ọdún ni ọtí àjàrà fi ń dàgbà nínú àgbá. Ẹmu ti bí, ó ti dàgbà, ó ti darúgbó, kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo padà dé ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ yà ní ilé àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí ó ti ń rin ewùrà láti àárọ̀ nítorí ìkọ́kọrẹ́. Bí Ìjẹ̀bú kan bá wà tí kò mọ ìkọ́kọrẹ́, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó wò ó dàgbà. Ọbẹ̀ ata àti epo pupa ni ó kọ́kọ́ ń hó lórí iná, pẹ̀lú ẹja yíyan tí wọ́n rà láti Ẹ̀pẹ́, edé àti pọ̀nmọ́. Ewùrà tí a rin náà ni a óò wá máa fi ọwọ́ gé ní ṣókí-ṣókí bọ́ sínú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin na ọwọ́ sí ọmọorógùn, àbúrò bàbá mi gbá a lọ́wọ́ pẹ́. “Àmàlà ni o rò pé o ń rò ni? Fi sílẹ̀ kí ó dì!” Ó sì fi sílẹ̀, ó bo ìkòkò, ó jókòó tì í, ìgbà tí ooru ti mú un le tán ni ó tó rọra fi ṣíbí yí i, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ṣókí náà dúró gbọn-in nínú ọbẹ̀, tí ìyókù sì yọ́ mọ́ epo.

Mo bu ìkọ́kọrẹ́ náà sínú abọ́, mo gbé e lọ sí àbàtà, mo sì fi ẹmu ọ̀sán tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ará mi, n kò mọ bí n óò ti wí i. Adùn àárọ̀ ti lọ sílẹ̀, ìkan díẹ̀ ti gba ipò rẹ̀, ìfófòó rẹ̀ sì ń ta ni lẹ́nu. Bí epo bá bo ahọ́n, ẹmu a ṣí i kúrò, òkèlè tí ó tẹ̀lé e a sì dà bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí ni mo mọ ìdí tí àwọn ará Marche, létí òkun wọn, fi ń fi Verdicchio sin ẹja. Ẹmu àárọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, torí adùn rẹ̀ yóò bá ti ewùrà jà. Èbìrìpò tí a fi kókò ṣe, tí a pọ́n sínú ewé, ni mo rò pé ó yẹ ẹmu àárọ̀. Ti alẹ́ nìkan ni mo fi ìgbín aláta mu. Ẹmu alẹ́ ti le, ó ti kan, ó sì ń gbóòórùn bí ìyẹ̀fun tí ó wú. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá wá dá ilẹ̀ ayé, ó mu ẹmu lọ́nà, ó sùn, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe, ìdí nìyí tí ẹmu fi di èèwọ̀ àwọn olórìṣà rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá bi mí, ẹmu alẹ́ ni Ọbàtálá mu.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, yóò rí i pé àwa náà mọ bí a ti ń fi oúnjẹ ṣe ọdún: bí àwọn régbérégbé bá ti jó kọjá níwájú Awùjalẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun sì ti fi ẹṣin dárà tán, ilé dé ilé ni àlejò ń jẹun kiri. Ọdún tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ni, ẹran Iléyá ni ọba oúnjẹ rẹ̀, n kò sì ní fi ẹmu lọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ nìkan tó ohun tí ìlú kan lè yan ọjọ́ fún, gẹ́gẹ́ bí Camogli ti yan ọjọ́ fún ẹja.

Àìbéèrè ibi tí ẹmu ti wá ni ó jẹ́ kí àwọn oníjìbìtì ráyè. Níbi ìnáwó kan tí n kò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu kalẹ̀ níwájú wa: ó funfun báláú, kò hó, kò sí ẹsẹ̀ oyin kan nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ mi ní ahọ́n títí di ọjọ́ kejì. Omi àti ṣúgà òyìnbó ni, ẹmu kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá adẹ́mu, ohun tí ó wí kò ju pé: “Tí oyin bá sá fún un, kí ni ìwọ ń wá níbẹ̀?”

Àwọn kan ti gbìyànjú láti dá ẹmu dúró nínú ìgò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà sì ni NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ nítòsí Ìlú Bìní, tí ó ti wà láti 1939. Ooru ni wọ́n fi ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí ó má baà hó mọ́, a sì lè gbé irú rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń rà á bí mo bá wà ní ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́. Àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ ti di ọ̀kan náà fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ náà, bàbá da ẹmu tí ó kù nù, ṣùgbọ́n kò fọ agbè náà. Ó fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Mo béèrè ìdí, ó ní òun ni yóò ta èyí tí ń bọ̀ jí. Ó gun àkàbà, ó bẹ́ ojú igi náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó so agbè mọ́ ọn, ó sọ̀ kalẹ̀.

“Igi yìí kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́,” ni ó wí, bí ó ti ń nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò. “Bí o bá ń bọ̀ lọ́la, tètè dé. Èyí tí o mu lónìí ti lọ.”