Owó fàdákà tí a kì í fọ̀

Dọ́là fàdákà kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 1804 sí lára, bẹ́ẹ̀ ọdún 1834 ni wọ́n tó tẹ àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Philadelphia. Kì í ṣe owó ọjà. Ẹ̀bùn fún àwọn ọba òkèèrè ni. Wọ́n dán irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ títí owó náà fi ń kọ bíi dígí.

Díẹ̀ péré ni a mọ̀ lónìí. Lọ́dún 1999, wọ́n ta èyí tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti ọba Muscat ju mílíọ̀nù 4 dọ́là lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, kì í ṣe ìwọ̀n fàdákà ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, bí kò ṣe pé kò pọ̀, ara rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Bí owó àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, a bẹ̀ yín, ẹ má fi eérú tàbí yanrìn fọ̀ ọ́. Ẹni tó fọ̀ ọ́, iye rẹ̀ ló fọ̀ dànù.