Ara Yíyún Lẹ́yìn Ìlúwẹ̀ẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi mìíràn wà tí ọ̀tá ènìyàn fi ṣe ibùgbé. Bí ọmọ bá lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tàbí odò tí kò ṣàn dáradára, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí yún un, tí kókó pupa wẹ́wẹ́ sì sú yọ níbi tí omi kàn, kí àwọn òbí rẹ̀ má ṣe fi ojú kékeré wò ó.

Ohun tí ó ń fà á nìyí. Nínú koríko etí omi ni àwọn ìṣáwùrú kéékèèké ń gbé. Láti ara wọn ni àwọn ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí ti ń jáde, pàápàá ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá mú. Wọn a gún awọ ara, wọn a sì wọlé. Àwọn kan jẹ́ aràn ẹyẹ omi. Ìwọ̀nyí a kú sínú awọ, ara yíyún náà a sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn jẹ́ aràn ènìyàn. Wọn a wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ, nígbà tí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, ẹni náà a bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀. Èyí ni a ń pè ní àtọ̀sí ajá. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn náà ní ìlú Káírò ní 1851. Ní ilẹ̀ wa, ó ti da àwọn ọmọ abúlé láàmú ní etí odò Ọ̀yán, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí omi ti kún di adágún ńlá láti ìgbà tí a ti sé odò náà ní 1983.

Ẹ má ṣe bú ọmọ tí ó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àrùn ìṣekúṣe, kì í sì í ṣe àmì pé ó ń bàlágà, bí àwọn kan ti ń wí. Bí ìtìjú bá mú kí ó dákẹ́, aràn náà lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

ÌDÁÀBÒBÒ

1. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ìṣáwùrú àti koríko bá pọ̀ sí.

2. Bí kò bá sí omi mìíràn, ẹ pọn ọ́n sínú ìkòkò, kí ẹ rí i pé kò sí ìṣáwùrú nínú rẹ̀, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó fi wẹ̀. Tàbí kí ẹ sè é. Ọmọ aràn kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ láyé bí kò bá rí ara tí yóò wọ̀.

3. Bí omi náà bá kàn yín, ẹ fi aṣọ ìnura nu ara gírígírí lẹ́sẹ̀kan náà. Ó lè ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

4. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ tàbí kí ó yàgbẹ́ sínú omi, nítorí ọ̀nà yìí ni ẹyin aràn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìṣáwùrú.

ÌTỌ́JÚ

Ẹ má ṣe họ ara náà, kí ó má baà di egbò. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù tí ó mọ́ lé e, tàbí kí ẹ fi kálámáìnì pa á. Ṣùgbọ́n bí ara bá dẹ́kun yíyún, èyí kò fi hàn pé aràn ti lọ. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò. Oògùn tí ń jẹ́ praziquantel a máa pa aràn náà. Bí ọmọ bá ti tóbi tó ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe dá a lò fúnra yín. Bí ọmọ tí a ti wò sàn bá sì padà sínú omi kan náà, aràn lè tún wọ̀ ọ́ lára.