CoS: Nọ́ńbà Tí Àwọn Èèyàn Wa Ta Ilẹ̀ Rà

Ní ọdún 2022 àti 2023, ẹni tó bá jókòó sáàárín àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Èkó nítorí físà Ìlú Ọba, ìbéèrè kan ni yóò máa gbọ́: “Ṣé CoS tiyín ti jáde?” Olùkọ́ ń bi òṣìṣẹ́ báńkì, aránṣọ ń bi nọ́ọ̀sì. Àwọn kan ti ta ilẹ̀, àwọn mìíràn ti kó àjọ tàbí yá owó ẹgbẹ́, kí nọ́ńbà yẹn tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Certificate of Sponsorship ni wọ́n gé kúrú sí CoS. Orúkọ yẹn máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí kì í ṣe ìwé tí a lè ká sápò. Àkọsílẹ̀ ni, lórí kọ̀ǹpútà ìjọba Ìlú Ọba. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀: orúkọ ẹni náà, iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá ṣe, ibi tí yóò ti ṣe é, iye wákàtí tí yóò fi ṣe é lọ́sẹ̀ àti owó tí wọn yóò san fún un. Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ yìí ni òṣìṣẹ́ ń rí gbà. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò tíì fi béèrè físà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí ìjọba fún ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè ṣe é. Ẹ́jẹ́ǹtì kò lè ṣe é, bó ti wù kó mọ èèyàn tó. Iye tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju £199 lọ ní 2022; ó di £239 ní 2023, ó sì di £525 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Owó orí mìíràn tún wà tí ilé iṣẹ́ ńlá ń san fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ yóò lò (£1,000 ni títí di oṣù Kejìlá ọdún 2025), òfin sì kọ̀ kí wọ́n gbé ẹrù yẹn lé òṣìṣẹ́ lórí. Láti òpin ọdún 2024, wọn kò tún gbọdọ̀ gba owó CoS fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nínú ọjà tí owó ìjọba kò ju £239 lọ nígbà náà yìí ni àwọn kan ti san ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn.

Báwo ni ọjà náà ṣe gbóná tó bẹ́ẹ̀? Brexit, ìyẹn kíkúrò tí Ìlú Ọba kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti dí ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà wọlé, àrùn Kòrónà sì ti tán àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lókun. Àjọ Skills for Care kà á pé nǹkan bí 165,000 àyè iṣẹ́ ìtọ́jú ló ṣófo ní ilẹ̀ England nìkan lọ́dún 2021 sí 2022. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 2022, ìjọba ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú tí a ń pè ní kẹ́ẹ̀rà láti òkèèrè, owó ọdún kan kò sì gbọdọ̀ dín ní £20,480. Ọkọ, aya àti ọmọ lè bá òṣìṣẹ́ wọlé. Íńdíà, Nàìjíríà àti Zimbabwe ló ṣíwájú nínú àwọn tó dáhùn. Lọ́dún 2023, òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú tó gba físà lé ní 146,000.

Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ àwọn ilé iṣẹ́ náà wò? David Neal, tó jẹ́ olóyè àyẹ̀wò ètò ìwọ̀lú nígbà náà, dáhùn nínú ìjábọ̀ tó jáde lóṣù Kẹta ọdún 2024. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìwọ̀lú, fún ilé ìtọ́jú kan ní CoS 275. Ilé ìtọ́jú náà kò sí rárá. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré nígbà tó gba láísẹ́ǹsì rí 1,234 gbà. Ẹ ronú sí i: ẹni tó gba nọ́ńbà láti ibẹ̀ kò ra ayédèrú. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ìjọba, físà rẹ̀ sì jáde. Iṣẹ́ gan-an ni kò sí. Ó délẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti gbèsè, wọ́n ní kó máa dúró de ìpè.

Ẹni tó bá sì ríṣẹ́, bí iṣẹ́ náà ṣe rí rèé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí kẹ́ẹ̀rà tó ń lọ láti ilé dé ilé ti bọ́ sójú títì. Yóò mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà, yóò tẹ fóònù kí ọ́fíìsì mọ̀ pé ó ti dé. Yóò wẹ ìyá àgbà tí kò lè dá dìde, yóò pààrọ̀ páḿpàsì, yóò ka oògùn sí i lọ́wọ́, yóò po tíì, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yóò tún tẹ fóònù, yóò gba inú òtútù lọ sílé kejì. Láwọn ilé iṣẹ́ kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ìrìn tó rìn láàárín ilé méjì, òfo ni.

Ṣé kó sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni okùn físà náà wà. Bí wọ́n bá lé e, tàbí tí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ náà, Home Office yóò kọ̀wé sí i. Ọgọ́ta ọjọ́ ló sábà máa ń ní láti wá ẹlòmíràn tí yóò fún un ní CoS tuntun, kó sì tún béèrè físà látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó kúrò nílùú. Láàárín oṣù Keje ọdún 2022 sí ìparí 2024, láísẹ́ǹsì tí ìjọba gbà lẹ́ka ìtọ́jú lé ní 470, àwọn òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn sì ju 39,000 lọ. Ilé iṣẹ́ ló ṣẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ọjọ́ ń kà fún. Ó burú, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni máa pè é ní àfọwọ́fà òṣìṣẹ́.

Láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024, kẹ́ẹ̀rà tuntun kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Físà òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú já wálẹ̀ sí nǹkan bí 27,000 lọ́dún náà. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa: kò sí CoS kẹ́ẹ̀rà fún ẹni tó ṣì wà lókèèrè mọ́. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá ṣì ń polówó rẹ̀ fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, irọ́ ló ń pa.

Àwọn tó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí físà mìíràn ṣì lè bọ́ sínú iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá ti bá agbanisíṣẹ́ kan náà ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2028 ni ìjọba dá pé ọ̀nà tiwọn náà yóò parí.