Igbó Àjọni, Ọ̀nà Àdáni: Àyálò àti Àtinúdá nínú Ìtàn-Àròsọ Àràmàǹdà

Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí irú iṣẹ́ yìí kò lè kàn lọ́wọ́: a ní kí ọmọ kọ ìtàn-àròsọ, ọmọ náà sì kọ ìtàn ọdẹ kan tí ó wọ igbó lọ bá iwin jà. Olùkọ́ kan lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé Fágúnwà ni ó dà kọ, kí ó sì gé máàkì rẹ̀. Olùkọ́ mìíràn lè yin ọmọ kan náà pé ó mọ àṣà ilẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a bá pè ní olè nígbà tí kò jalè lè má tún fi ìfẹ́ kọ ìtàn mọ́. Èyí tí ó sì dà á kọ ní tòótọ́, bí a bá yìn ín, kò ní í kọ́ bí a ti ń ronú. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ibi tí ààlà wà láàárín àyálò àti olè.

Ta ni ó ni igbó?

Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde ni ọdẹ ti ń wọ igbó nínú ìjálá, nínú àlọ́ àti nínú ìtàn ìtẹ̀dó ìlú. Ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, ọdẹ kan tí à ń pè ní Huraka, tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ni ìtàn àtẹnudẹ́nu dárúkọ pé ó tẹ ìlú dó. Bí ọmọ Ẹ̀pẹ́ bá kọ ìtàn ọdẹ tí ó la igbó kọjá, ó lè jẹ́ pé ìtàn ìlú rẹ̀ ni ó ń sọ. Ìtàn ìwáṣẹ̀ àti àlọ́ kò ní olówó. Ẹni tí ó gbọ́ ni ó ni ín títí yóò fi sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Fágúnwà pàápàá yá. Ó yá láti inú àlọ́ Yorùbá, ó yá láti inú Bíbélì, àwọn onímọ̀ sì ti tọ́ka sí ìwé Bunyan, èyí tí David Hinderer túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ó sì pè ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ irú orísun báwọ̀nyí wò nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìtàn Fágúnwà ní 1974. Kí ni ó wá jẹ́ ti Fágúnwà gan-an? Èkíní, ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀: Àkàrà-ògùn ń sọ, òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, èdè rẹ̀ tí ó ń to ọ̀rọ̀ jọ lórí ara wọn, tí ó sì ń yà bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹ̀kẹta, ohun tí ìrìn-àjò náà wà fún: ire ìlú ni ọba tìtorí rẹ̀ rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó.

Ẹjọ́ Tutùọlá

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá jù lọ ni Amos Tutùọlá. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1920. Ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard tí ó kọ. Akéwì Dylan Thomas gbóríyìn fún un nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n nílé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé bínú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún. Wọ́n tún ní àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni ó kó jọ, àti pé Fágúnwà ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀sùn kejì yìí ni ó kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan wò. Àlọ́ ọmọge tí ó kọ gbogbo ọkọ, tí ó wá tẹ̀ lé àlejò arẹwà kan láti ọjà, kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí wọ́n ti ń lọ lójú ọ̀nà ni àlejò náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà, títí ó fi ku orí nìkan. Tutùọlá kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi sí i. Nínú ìwé rẹ̀, háyà ni arẹwà náà háyà ẹ̀yà ara. Bí ó ti ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà ni ó ń san owó rẹ̀ fún olówó rẹ̀. Òǹsọ̀tàn ní ẹwà ọkùnrin náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú ogun kò fi ní í ju bọ́ǹbù sí ìlú tí ó bá wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Tutùọlá ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbòmíràn nínú ìwé kan náà, ọ̀mu àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní £70 pẹ̀lú ṣílè 18 àti sísì kan, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn pẹ̀lú èlé £3 àti ṣílè 10 lóṣù. Àlọ́ ni egungun ìtàn náà. Ẹran ara rẹ̀ ti inú ayé tí Tutùọlá fúnra rẹ̀ gbé wá.

Bí a bá sì fi olórí ìtàn méjèèjì wé ara wọn, ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba. Ọmọ ọdẹ ni Àkàrà-ògùn, iṣẹ́ ìlú ni ọba sì rán an. Ọ̀mu lásán ni ti Tutùọlá. Adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú ni ó ń wá kiri. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sẹ́ gbèsè. Àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1954, My Life in the Bush of Ghosts, àti bí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ nínú igbó, sún mọ́ iṣẹ́ Fágúnwà gan-an, Bernth Lindfors àti àwọn mìíràn sì ti fi wọ́n wé ara wọn. Jíjẹ gbèsè yàtọ̀ sí olè jíjà. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Bákan náà ni ó rí lókè òkun. Ní 1937, ọdún kan ṣáájú Ògbójú Ọdẹ, J. R. R. Tolkien gbé The Hobbit jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú Völuspá, ewì ìwáṣẹ̀ kan láti ilẹ̀ Iceland, ni ó ti mú orúkọ Thorin àti Gandalf. Orúkọ lásán ni ó bá níbẹ̀. Òun ni ó fún wọn ní ìwà àti ìrìn-àjò.

Ìwé ní olówó

Ohun tí ẹnìkan bá kọ sínú ìwé kò rí bí àlọ́. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mu náà sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, a mọ̀ pé inú ìwé Tutùọlá ni ó ti mú un. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ní 1968, orúkọ Fágúnwà wà lára ìwé náà. Àyálò tí a jẹ́wọ́ kò ní ìtìjú nínú.

Òṣùwọ̀n fún olùkọ́

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a dábàá kí olùkọ́ máa bi ara rẹ̀ kí ó tó fún ọmọ ní máàkì:

1. Níbo ni ọmọ ti mú un? Bí ó bá jẹ́ láti ẹnu àgbà, ogún ni. Bí ó bá jẹ́ láti inú ìwé, kí ó dárúkọ ìwé náà.

2. Ta ni ó ni gbólóhùn inú rẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ Fágúnwà bá wà níbẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé, ẹ̀dà ni, kódà bí a ti pa orúkọ Àgbákò dà.

3. Kí ni ọmọ fi kún un tàbí tí ó yí padà? Ibí yìí ni máàkì àtinúdá wà.

A tún dábàá iṣẹ́ kan. Kí a rán ọmọ lọ sílé láti gba àlọ́ kan lẹ́nu àgbà. Kí ó tún un kọ, kí ó yí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ padà. Kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ọ̀sà wà lẹ́bàá wa, ọmọ wa kò sì gbọ́dọ̀ rò pé inú igbó nìkan ni iwin ń gbé. Arẹwà tí ó yá ẹ̀yà ara lè pàdé ọmọge ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn ẹlẹ́ja. Ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú, kí ó máa dá ẹsẹ̀ àti apá padà ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí ti yá, ó sì ti dá.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé igbó jẹ́ àjọni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan là nínú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Fágúnwà la tirẹ̀, Tutùọlá la tirẹ̀ nítòsí ti Fágúnwà. Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni láti wo ojú ọ̀nà tí ọmọ là dáadáa kí a tó dájọ́ pé ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó gbà.