Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́ Lówó Lórí, Ṣùgbọ́n Tínà Lè Nu Owó Náà Dànù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti ẹ̀rọ orin ayé àtijọ́, ojú náà ni owó wà. Ẹni tó bá fẹ́ ra amplifáyà tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1980, iwájú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò kó tó ní kí wọ́n tan án. Bí inú ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí lẹ́tà iwájú rẹ̀ ti pa rẹ́, iye tí wọ́n máa dá lé e yóò wálẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń tún rédíò àti amplifáyà ṣe ní Ìlútítun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ọjà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kú. Ní Amẹ́ríkà, RIAA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ròyìn pé mílíọ̀nù 41 àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n tà lọ́dún 2022, nígbà tí CD jẹ́ mílíọ̀nù 33. Láti ọdún 1987, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iye rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà yóò ju ti CD lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Technics SL-1200, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó jáde lọ́dún 1972, dá a dúró lọ́dún 2010, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé e padà lọ́dún 2016. Nílé tiwa náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣì ní àwo Haruna Ishola, I.K. Dairo àti Ebenezer Obey nínú àpótí, tí wọn kò rí ẹ̀rọ tó dára gbé e sí.

Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Alumíníọ́mù ló pọ̀ jù lójú àwọn amplifáyà Japan ìgbà náà, bíi Pioneer, Sansui àti Marantz. Ilé iṣẹ́ ti fi iná mànàmáná àti ásíìdì sọ òkè páànù náà di awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó le, awọ yìí ló sì ń jẹ́ kó máa dán. Lórí awọ náà ni wọ́n fi íǹkì tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí. Bí awọ yìí bá bó, kò sí ẹni tó lè dá a padà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun mẹ́rin ló ń bà á jẹ́ jù. Àkọ́kọ́ ni tínà àti pẹtiróòlù, tó máa ń nu lẹ́tà kúrò lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni sáńpépà àti ìpara ìdán-irin, tó máa ń há awọ náà. Ẹ̀kẹta ni sódà tó le àti omi eérú, nítorí wọ́n máa ń jẹ awọ alumíníọ́mù. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú, tí àwọn èèyàn ń fi eérú àti epo sè, kò fi yẹ ojú ẹ̀rọ bó tilẹ̀ dára fún ara èèyàn. Ẹ̀kẹrin ni hypo tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun.

Ọ̀nà tó dára kò le. Kí oníṣẹ́ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kó sì jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni yóò tú u, nítorí kápásítọ̀ ńlá inú amplifáyà lè mú iná dání síbẹ̀. Kó fi fóònù ya àwòrán ẹ̀rọ náà kó tó tú u. Kó fa bọ́tìnnì jáde, kó tú nọ́ọ̀tì, kó yọ páànù iwájú sọ́tọ̀. Kó po ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó sì fi aṣọ tó rọ̀ nu ún láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì ni kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ̀. Kó fi omi mọ́ ṣàn án, kó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán pátápátá kó tó dá a padà. Spirit ilé kẹ́míìsì lè mú ọ̀rá kúrò, ṣùgbọ́n ó lè mú àwọn íǹkì kan kúrò pẹ̀lú. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò létí tí bọ́tìnnì máa ń bò.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lójò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lórí sìmẹ́ńtì, kí wọ́n má sì fi ọ̀rá dì í pa, nítorí ọ̀rá máa ń há omi mọ́ inú. Aṣọ ni kí wọ́n fi bò ó.

Bí lẹ́tà bá ti lọ, àwọn tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ lè fi irú ọ̀nà yẹn tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé wọ́n tún un tẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ ló fẹ́ràn ojú àtilẹ̀wá, kódà bó lápá.

Ní ti owó, iṣẹ́ inú lọ́tọ̀, iṣẹ́ ojú lọ́tọ̀. Oníṣẹ́ tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ta oníbàárà lọ́rẹ. Kó ka àbùkù tó wà lára ẹ̀rọ níṣojú oníbàárà, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ẹni tó ti kú ni ọmọ rẹ̀ gbé wá nígbà mìíràn. Bí lẹ́tà kan bá ti lọ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìwé yẹn ni yóò gba oníṣẹ́ lọ́wọ́ ìjà.

Àǹfààní pàtàkì kan tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìsí iná ìjọba, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ èrè àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Abọ́, ọṣẹ, aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì kò gba iná. Ọjọ́ tí kò bá sí iná, tí áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì sì tutù, oníṣẹ́ ṣì lè fọ ojú ẹ̀rọ méjì, kó sì gbowó relé.