Bí Bàálù Ọmọ Yín Bá Já Bọ́, Ẹ Wo Bátìrì Kí Ẹ Tó Bú Rìmóòtù

Ọ̀sán Sátidé ni. Òjò ti dá, afẹ́fẹ́ òkun ti rọlẹ̀ ní Libreville, ọmọ sì ti gbé bàálù kékeré oníbátìrì rẹ̀ jáde. Ó jù ú sókè, bàálù gbéra, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ ṣe fẹ́ kó gòkè sí i, bàálù kò gbọ́ràn mọ́, ó sì forí sọlẹ̀.

"Bàbá mi, rìmóòtù yìí ti bàjẹ́."

Bàbá gbà á gbọ́, ó wá owó, ó ra rìmóòtù mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàálù tún já.

Ẹni tó bá ti fi bàálù oníbátìrì ṣeré rí mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Rìmóòtù la máa ń kọ́kọ́ bú, torí òun ló wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, inú bàálù fúnra rẹ̀ ni àrùn wà, nínú iná tó ń bọ́ ọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ẹ̀tẹ̀ wà ká tó náwó.

Bátìrì kan, iṣẹ́ méjì

Eré yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1898 ni Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan han àwọn èrò ní New York, tó ń fi rédíò darí rẹ̀ láìsí wáyà. Ní 1957, Colonel H. J. Taplin fò bàálù onírédíò tó ń lo ẹ́ńjìnnì oníná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó jẹ́ kí eré náà wọ ilé wa lónìí ni bátìrì tí wọ́n ń pè ní LiPo, tó fúyẹ́, tó sì lágbára gan-an.

Bí iná ṣe ń rìn nínú bàálù nìyí. Láti ara bátìrì, iná ń wọ inú ẹ̀rọ kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ESC. ESC ló ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, ESC kan náà ló tún ń bu díẹ̀ nínú iná yẹn, tó ń dín in kù sí nǹkan bíi fóòtì 5, tó sì ń fi bọ́ risífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ rìmóòtù, àti àwọn servo tó ń yí ìyẹ́ àti ìrù.

Ẹ rí i báyìí pé bátìrì kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí bátìrì bá ti rẹ̀, tàbí tí ẹnu wáyà kan kò dì dáadáa, iná lè lọ sílẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fà á gidi. Risífà á dákú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Lójú ẹni tó wà nílẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé rìmóòtù ló kọṣẹ́.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi ọmọ

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ bi í pé: "Nígbà tó ń já bọ̀, ṣé ìrù rẹ̀ ṣì ń gbọ́ tìẹ?"

Bó bá ní ẹ́ńjìnnì ló kú, àmọ́ ìrù ṣì ń gbọ́ràn, kì í ṣe rédíò. Bátìrì ló ti ń tán. Wọ́n ṣe ESC kó máa pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí iná bá kéré, kí èyí tó kù lè tó láti fi darí bàálù balẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ pé kó má fòyà, kó máa rọra mú un bọ̀ wálẹ̀. Bí bátìrì bá ṣì kún nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ESC. Bó bá gbóná janjan, ó lè jẹ́ pé fáànù iwájú tóbi ju ohun tí ẹ́ńjìnnì náà lè gbé lọ.

Bó bá ní gbogbo rẹ̀ ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì jẹ́ ìgbà tó fún un níná púpọ̀ ni, tó tún wá jí padà, ẹ fura sí ẹnu wáyà, sí bátìrì tó ti gbó, tàbí sí servo tó há.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí bàálù jìnnà nìkan ni kò gbọ́ràn, tàbí ìgbà tó kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí wa, ìgbà yẹn lẹ lè wá fura sí rédíò.

Àyẹ̀wò orí tábìlì

Ohun àkọ́kọ́: ẹ yọ fáànù iwájú kúrò. Ó lè gé ọmọ níka. Ẹ má fi bátìrì sí bàálù lórí tábìlì láìyọ ọ́.

Ẹ yá mítà lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná àdúgbò. Sẹ́ẹ̀lì LiPo kọ̀ọ̀kan tó kún máa ń jẹ́ fóòtì 4.2. Bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó kún á wá jẹ́ 12.6. Ẹ má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kankan lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 3.5 lọ kí ẹ tó mú bàálù balẹ̀. Bí méjì bá wà ní 3.8, tí ẹ̀kẹta wà ní 3.4, ìkẹta yẹn ti ń ṣàìsàn, òun ló sì máa já yín kulẹ̀ lókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu wáyà. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ irin. Bí ẹ bá rí ohun tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé lẹ́nu pulọ́ọ̀gì, tàbí tí pulọ́ọ̀gì ń wọlé láìfún rárá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ tan rìmóòtù kí ẹ tó so bátìrì mọ́ bàálù. Bí ẹ bá parí, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì bàálù, kí ẹ tó pa rìmóòtù. Bí ESC bá ń ké pípípí tí ẹ́ńjìnnì kò yí, ẹ wò ó bóyá ọ̀pá iná orí rìmóòtù wà nílẹ̀ pátápátá. Bí ẹ́ńjìnnì onírú tuntun tó ní wáyà mẹ́ta bá ń yí sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ méjì èyíkéyìí nínú wáyà rẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n láìyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ti tú. Bí servo bá ń kùn láìdákẹ́, ohun kan ti há a, ó sì ń jẹ iná lásán.

Tí ó bá wá kan rédíò

Ẹ wo wáyà eríàlì risífà. Kò gbọ́dọ̀ já, kò gbọ́dọ̀ dì mọ́ ara bátìrì. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nà gbọọrọ, kí èkejì dábùú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ní bọ́tìnnì tó ń dín agbára rẹ̀ kù fún àyẹ̀wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rìn jìnnà dé ibi tí ìwé rẹ̀ sọ, kí ẹ máa wo ìrù bàálù bóyá ó ń gbọ́ràn. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ẹ wá dá fáànù padà, kí àgbàlagbà kan di bàálù mú láti ẹ̀yìn gírígírí, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní títàn. Bó bá gbọ́ràn lákọ̀ọ́kọ́, tí kò gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kejì, a tún padà sọ́dọ̀ iná nìyẹn.

Àyẹ̀wò kan ṣì kù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹ yọ fáànù, ẹ tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ẹ sì pa rìmóòtù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ má fò ó rárá títí ẹ ó fi tún un tò bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, torí bàálù tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń sáré, lè balẹ̀ sórí ọmọ ọlọ́mọ.

Bátìrì nínú ilé

Ewu tó tóbi jù nínú eré yìí kò sí lójú ọ̀run, inú ilé ló wà. LiPo tó bá gbiná kì í tètè kú. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì ni kí ẹ ti máa ṣájì rẹ̀, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Ṣájà tí wọ́n ṣe fún LiPo ni kí ẹ lò. Bátìrì 2200 mAh, ẹ fún un ní ámpù 2.2, yóò kún ní bíi wákàtí kan. Ẹ má sùn tì í, ẹ má sì fi í sílẹ̀ jáde. Bí iná ìlú bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ dúró dìgbà tí iná bá dúró. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn wà nítòsí. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́ láé.

Ní àsìkò òjò, bátìrì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má fi pamọ́ ní kíkún, ẹ má sì fi pamọ́ ní òfìfo. Fóòtì 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kan ló dára. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Bí ará ilé bá fẹ́ bá yín gbé e bọ̀ láti Èkó tàbí Kùtọnu, inú àpò ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù, kí wọ́n sì fi téèpù dí ẹnu rẹ̀.

Ibi tí a ó ti fò ó

Pápákọ̀ òfurufú Léon-Mba wà ní àríwá ìlú, ní etí òkun. Nítorí náà, etíkun tó wà nítòsí rẹ̀ kì í ṣe ibi eré yìí, bó ti wù kó tẹ́jú tó. Ẹ wá pápá gbalasa tó jìnnà sí i, tó jìnnà sí èrò àti wáyà iná, kí ẹ sì béèrè ohun tí òfin sọ lọ́wọ́ ANAC, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Gabon.

Ẹ ra ìwé àjákọ kékeré fún ọmọ. Kó máa kọ ọjọ́ tó fò, ìṣẹ́jú mélòó tó lò lókè, àti fóòtì tó kù nínú bátìrì nígbà tó balẹ̀. Bí bátìrì tó máa ń gbé bàálù fún ìṣẹ́jú méje bá di èyí tó ń gbé e fún mẹ́rin, ìwé náà á ti sọ fún un kí bàálù tó já. Ìwé yẹn kò wọ́n tó rìmóòtù tuntun, ọmọ á sì ti kọ́ láti wádìí ọ̀rọ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.