Gúnnugún Dà ní Oko-Ọba?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Agége, kí ọkọ̀ rélùwéè tó fọn fèrè, àwọn kan ti jí ṣáájú ìyá oníbúrẹ́dì. Orí páànù ni wọ́n wà, wọ́n ń pariwo. Bí ìyá olóúnjẹ bá gbé atẹ ìrẹsì jáde sí ẹ̀yìnkùlé pé kóun ṣa òkúta inú ẹ̀, tó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìyàngbò àti ẹ̀rún ìrẹsì fò sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bà. Ológoṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé, orí ẹ̀ bí eérú, ẹ̀yìn ẹ̀ pupa bí amọ̀. Àdàbà á tẹ̀ lé e, á máa mi orí bí àlejò tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ebi ń pa òun. Ẹ̀gà ló máa ń dé kẹ́yìn, tariwotariwo, bí ẹni pé òun ló ra ìrẹsì náà.

Ìyá olóúnjẹ ò pè wọ́n, kò sì lé wọn. Bó ṣe ń rí nìyẹn lójoojúmọ́ ní Agége, ní Ìkẹjà, ní Ògbà, ní Ìfàkọ̀. Àwọn tó ń bọ́ ẹyẹ pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ pé àwọn ń bọ́ ẹyẹ lọ.

Ní ìlú òyìnbó, owó ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ ẹyẹ. Wọ́n á gbé e kọ́ sára igi, wọ́n á jókòó sídìí wíńdò, wọ́n á máa wò. Láti ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ RSPB ti ń ní kí aráàlú fi wákàtí kan ṣoṣo jókòó nínú oṣù kìíní ọdún, kí wọ́n ka iye ẹyẹ tó bà sínú ọgbà wọn. Kíkà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ológoṣẹ́ tí wọ́n rò pé kò lè tán láé ti ń dín kù. Lórílẹ̀-èdè yìí náà, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń fi fóònù kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀, láti ìlú dé ìlú. Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, èèyàn kì í kà á. Ìgbà tí kò bá sí mọ́ ni wọ́n tó ń béèrè.

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà àti bíríkìlà, ẹ gbọ́ ti ẹ̀gà ná. Akọ ló ń kọ́lé. Òun ló wọ aṣọ ìyeyè, tó fi dúdú bo orí. Á já imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé àgbọn ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á fi ẹnu lásán hun ún. Kò ní ìṣó, kò ní abẹ́rẹ́. Abẹ́ ilé náà ni ẹnu ọ̀nà wà, ó dojú kọ ilẹ̀. Bó bá parí, á so rọ̀ sábẹ́ ibẹ̀, á máa gbọn apá, á máa ké pe obìnrin. Abo á dé, á wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, á fi ẹnu fa okùn ibí, á fa tọ̀hún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di ilé ẹlòmíì. Bí ọjọ́ bá ń lọ tí obìnrin kankan ò gbà á, tí ewé tútù gbẹ, bàbá fúnra ẹ̀ á tú ilé náà palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ká ní àwọn ayálégbé Agége náà lè fa ògiri wò báyìí kí wọ́n tó san owó ọdún méjì sílẹ̀!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, tiyín ló kàn. Ẹyin abo ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tiẹ̀. Ti ẹnì kan á funfun, ti ẹnì kejì á dà bí aró tó ṣá, ti ẹlòmíì á ní àmì tótòtó. Ó nídìí. Ẹyẹ kan wà tí kì í kọ́lé rárá, ilé ẹ̀gà ló máa ń yọ́ wọ̀ lọ yé ẹyin sí, kí onílé lè bá a tọ́ ọmọ. Bí ìyá ẹ̀gà bá dé tó rí ẹyin tí àwọ̀ ẹ̀ ò jọ tòun, á gbé e jù síta. Bí ìyá aláṣọ ṣe ń dá ìdì tiẹ̀ mọ̀ láàárín ogún ìdì gẹ́lẹ́ ni.

Òótọ́ ni pé ẹ̀gà ń dani láàmú. Ariwo ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ sùn lọ́sàn-án, ìgbẹ́ ẹ̀ ń ba aṣọ tí wọ́n sá jẹ́, ó sì lè já imọ̀ ọ̀pẹ títí igi á fi dà bí ẹni tí wọ́n fá lórí. Ìdí nìyí tí àwọn onílé kan fi máa ń gé igi lulẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ni wọ́n gé e, tẹyin tọmọ ló ń bá a lọ. Igi ọ̀hún ò sì pọ̀ mọ́. Oko ni gbogbo ibí yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, oko obì àti oko kòkó ló ń gba àárín wọn kọjá ní Agége, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì lórúkọ nílé lóko. Ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ Ìkẹjà kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Iṣẹ́ wọ̀lú, owó wọ̀lú, igi sì lọ. Ẹyẹ tó kù, ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ló sá sí.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, lékeléke náà á dé. Àwọn ọmọdé á na ọwọ́ sókè, wọ́n á ní kó fún àwọn ní èékánná funfun. Nínú pápá, ẹsẹ̀ màlúù ni lékeléke ń tọ̀ káàkiri, torí tata tí màlúù bá ta jí nínú koríko ni oúnjẹ ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Irú ẹ̀ ló fi ìyẹ́ ara ẹ̀ fo òkun láti ilẹ̀ Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1800, láìgba físà, ó sì ti bí ọmọ ká gbogbo ibẹ̀. Ní Agége, níbi tí màlúù bá wà ló máa ń wà, màlúù tí àwọn lọ́rì kó ti òkè Ọya dé kò sì níbi méjì tó ń lọ ju odò-ẹran Oko-Ọba.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti di ìbéèrè. Ẹni tó bá dé Oko-Ọba lónìí á rí lékeléke, á rí àwòdì tó ń rababa lókè lásìkò ẹ̀. Gúnnugún dà? Nílẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un, odò-ẹran tí kò ní gúnnugún, odò-ẹran tí kò ta ọjà ni. Orí páànù ni wọ́n máa ń tò sí, orí pípá, ọrùn kíkọ́, wọ́n á máa dúró de ohun tí alápatà bá jù nù. Kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún wọn, wọ́n sì ń gbálẹ̀.

Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ka àwọn ẹ̀dá tó ń run, ìyẹn IUCN, kọ irú gúnnugún inú ìlú yìí sára àwọn tó wà létí ìparun gan-an. Àwọn àgbà ní gúnnugún kì í kú léwe. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, oògùn ló pa wọ́n. Oògùn ara ríro tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mọ̀ dáadáa ni, diclofenac. Wọ́n ń fún màlúù ní abẹ́rẹ́ ẹ̀. Bí màlúù náà bá kú, tí gúnnugún jẹ ẹ́, kíndìnrín ẹyẹ á bàjẹ́, á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti 1992 sí 2007, nínú ẹgbẹ̀rún (1,000) gúnnugún ẹlẹ́yìn funfun ibẹ̀, bí ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù. Òkú màlúù wá kún ìgboro, ajá ìgboro bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ajá tó ń bunijẹ náà sì ń pọ̀. Ìgbà tó di 2006 ni ìjọba Íńdíà fòfin de oògùn náà fún màlúù.

Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Ọjà ló ń pa gúnnugún níbí, ọ̀rọ̀ náà sì kan ọ̀pọ̀ lẹ́kulẹ́ja. Orí ẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tà: fún awúre, fún ààbò, fún ẹni tó fẹ́ ríran rí ọ̀la. Gúnnugún tó bá mọ ọ̀la, ṣé yóò jẹ ẹran tí wọ́n fi májèlé sí? Àwọn àgbà sì ti ka pípa ẹyẹ yìí léèwọ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó ń fi orúkọ ìṣẹ̀ǹbáyé tà á ò ráńtí apá ibẹ̀ yẹn. Ní 2020, ní ilẹ̀ Guinea-Bissau, gúnnugún tó ju 2,000 ló kú lẹ́ẹ̀kan náà nítorí májèlé, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìlórí. Májèlé yìí kì í jáde lára òkú ẹyẹ. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu ti jẹ nínú ẹ̀.

Ẹyin kan ṣoṣo ni gúnnugún ń yé lọ́dún. Kì í ṣe adìẹ tí wọ́n máa pa lónìí tí mẹ́wàá á pa lọ́la. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ti ń bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara gúnnugún. Àwọn kan ti gbà. Ẹni tó bá mọ ewé dójú àmì kò yẹ kó nílò orí ẹyẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gúnnugún náà lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà lórí páànù láàárọ̀ yìí, torí ohun tí èèyàn bá jù sílẹ̀ làwọn náà ń jẹ. Otapiapia tí wọ́n fọ́n sídìí ilé, tí kòkòrò mu, ẹyẹ ló máa ṣa kòkòrò náà jẹ. Àgbàdo tó ti hu ewú tí wọ́n dà nù ń pa ẹyẹ bó ṣe ń pa adìẹ. Búrẹ́dì Agége gbígbẹ díẹ̀ ò burú, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ gidi fún wọn. Èyí tó bá ti hu, inú ilẹ̀ ni kí wọ́n bò ó sí. Ẹ̀kúnwọ́ jéró tàbí ọkà bàbà sàn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ìrẹsì sísè tí kò níyọ̀ náà dáa. Omi ló ṣe pàtàkì jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: àwo pẹlẹbẹ kan, omi tí kò ju kókósẹ̀ ẹyẹ lọ, níbi tí ológbò ò ti lè lúgọ. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀fọn ni wọ́n ń sìn.

Ẹni tó bá ń sin adìẹ ní láti ṣọ́ra. Òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá ẹ̀ ló mọ àṣá. Ṣùgbọ́n ìyá adìẹ pàápàá ò mọ àrùn tí òyìnbó ń pè ní bird flu. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ kéde ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, nínú oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tó wọ oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ní 2015 ó tún padà wá, Èkó àti Kánò ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí àwo oúnjẹ ẹyẹ igbó jìnnà sí ti adìẹ, kí wọ́n sì bo omi adìẹ. Bí ẹyẹ bá ṣàdédé kú sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán gbé e, ká má tíì sọ pé ó fẹ́ sun ún jẹ. Àwọn dókítà ẹran ìjọba ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Àwọn ọmọ tó ń fi kàtàpọ́ọ̀tù ṣeré, ẹ bá wọn sọ ọ́.

Wíwo ẹyẹ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Télọ̀ tó jókòó sídìí máṣíìnì, mẹkáníìkì tó ń dúró de oníbàárà, wọ́n lè ka iye àdàbà tó bà láàárín wákàtí kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tún kà á lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà bá ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn alẹ́ ń wọlé, akọ ẹ̀gà ṣì wà lórí àgbọn nínú àgbàlá tí wọn ò tíì gé tiwọn. Ó so rọ̀ sábẹ́ ilé tuntun, ó ń gbọn apá. Abo kan bà, ó wọlé, ó fa okùn kan, ó fò lọ. Bàbá lọ já ewé mìíràn wá.